Ẹ Pa Á, Ẹ̀gbọ́n

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo mọ̀, mi ò sì bínú sí yín. Ìyàwó mi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì mi pàápàá kò tíì gbà á tán. Tí mo bá ń sọ ọ́ fún àlejò, òkè àjà ló máa ń wò, bí ẹni tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò. Ẹ ṣáà jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá gbà, ó gbà. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá fọwọ́ kan ìhà mi ọ̀tún, kó gbọ́ bí mo ṣe máa ké.

Máṣíìnì kan ni mo ní. Máṣíìnì ni mo pè é o, ẹ má pè é ní ọ̀kadà lójú mi. Ọ̀kadà ni èyí tí wọ́n fi ń gbé èrò. Tèmi kò gbé èrò rí, àfi ìyàwó mi nìkan, òun náà sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti jó o lẹ́sẹ̀. Mo ti ní máṣíìnì yẹn kí n tó gbé ìyàwó, ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi ń pè é ní ìyálé. Bí mo bá pẹ́ délé, á ní, ṣé ìyálé òun ló tún dá mi dúró lọ́nà. Bí mo bá ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, á gba ojú fèrèsé béèrè bóyá òun náà lè tò sẹ́yìn, kí n fọ òun.

Ìyálé le. Láràárọ̀ tí mo bá ti fẹ́ jí i, ìjà ni. Mo gbá kíìkì lulẹ̀, kíìkì náà á fò sókè, á gbá mi padà lójúgun. Ojúgun mi ọ̀tún dà bí ilẹ̀ tí adìẹ ti tàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti jí, ogun ò lè pa á. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń pa á ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́, kọ́kọ́rọ́ tó wà lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí yẹtí létí obìnrin. Tí mo bá fẹ́ pa á, n ó ki jíà bọ̀ ọ́, n ó tẹ búrèkì mọ́lẹ̀, n ó wá tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì. Á gbọ̀n, á janpata, á fi ara gbá mi, lẹ́yìn náà á kú. Bí mo ṣe ń fún un lọ́rùn lójoojúmọ́ nìyẹn, bó sì ṣe ń jíǹde.

Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ máṣíìnì wò. Láyé àtijọ́, ìdánwò tí gbogbo ọmọ ń yege ni. Bí iná bá tàn, tí fèrè bá dún, wọ́n á ní kó o máa lọ, o ṣe dáadáa. Àmọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti ní àwọn ò fẹ́ rí ọ̀kadà mọ́ lágbègbè wa, ojú tí wọ́n fi ń wo máṣíìnì àgbà ti yí padà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí á wọlé bí ìyàwó tuntun, á sì jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Àgbà ni wọ́n ń jẹ níyà. Bí àgbà bá kùnà, wọn kì í sọ pé kó lọ tọ́jú ara kó padà wá. Ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ, níbi tí wọ́n kó àwọn ọ̀kadà tí wọ́n gbà lójú títì jọ sí. Katapílà kan wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì: á gun orí wọn, á sọ̀, á tún gùn wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ Ọlọ́run ní àárọ̀ ọjọ́ náà: kí ìyálé wọlé sí ọgbà yẹn, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Muṣin ni ọgbà náà wà. Géètì onírin tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ ló wà níwájú. Ní òdìkejì títì, àwọn tó ń lẹ táyà àti àwọn tó ń lu ara mọ́tò ló tò lọ gbọọrọ, òòlù wọn kì í sinmi. Láti Sùúrùlérè ni mo ti gùn ún lọ, mo sì tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi, ìyẹn àwa tí máṣíìnì wa ti dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀gá tó ń yẹ̀ wọ́n wò kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Kò fi ojú yẹ nǹkan wò. Irin ṣóńṣó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ máṣíìnì. Á gún un níkùn. Á gbá iná ẹ̀yìn rẹ̀, bí gíláàsì bá fọ́, á ní gíláàsì gidi kì í fọ́. Á jókòó lé e lórí, á máa ju ara rẹ̀ sókè sódò títí irin tó di iwájú mú á fi máa ké bí ewúrẹ́. Mo rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń sunkún lórí ìlà, tirẹ̀ ò sì tíì kàn.

Ẹni tó wà níwájú mi ń fi máṣíìnì tirẹ̀ gbé yìnyín láti Ìjọra fún àwọn ẹlẹ́ja. Omi yìnyín àti omi ẹja ti jẹ irin máṣíìnì náà láti inú wá, òun náà sì mọ̀, ó ti fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ọ̀gá gún un lẹ́ẹ̀kan. Irin wọlé láti apá òsì, ó yọ lápá ọ̀tún. Ọ̀gá dúró, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Máṣíìnì kọ́ lo gbé wá," ó sọ fún un. "Súyà lo gbé wá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an ni mo sì rẹ́rìn-ín jù. Oníyìnyín kò rẹ́rìn-ín. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì fi gba ọ̀gá lẹ́nu. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá dà bò ó, wọ́n lù ú títí apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi ya kúrò lára ìyókù, wọ́n wá gbé e bí àpò gàrí, wọ́n jù ú sí ìta géètì. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́ máṣíìnì rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Katapílà gùn ún. Àwa tó wà lórí ìlà gbọ́ ọ nígbà tó ń fọ́, irú ìró tí egungun adìẹ máa ń ṣe lẹ́nu ajá, àfi pé èyí pọ̀ jù ú lọ. Oníyìnyín di irin géètì mú, ó ń mì ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé olè, olè, wọ́n ti jí máṣíìnì òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ti tó kéèyàn sọ ní Muṣin. Òun sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Òòlù àwọn tó ń lu ara mọ́tò dákẹ́ lódìkejì. Nígbà tí mo yíjú wo géètì, ojú ti pọ̀ níbẹ̀, igi sì ti wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Ọ̀gá nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní, "Ìwọ, tì í wá."

Èmi rèé tí mi ò lè rí ohun eré kí n má ṣe é. Mo bi í léèrè pé, "Àbúrò, ṣé èmi àtìwọ ti jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan rí ni?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó wo irùngbọ̀n mi, ó rí funfun tó wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé lè sùn lára wọn ṣùgbọ́n kì í kú. Ó ní kí n má bínú, ẹ̀gbọ́n. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀wọ̀ ṣe mí bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe eéwo lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tan iná, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun. Ẹ fun fèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ tẹ búrèkì, kí Ọlọ́run dá ẹsẹ̀ yín sí. Inú mi dùn. Ìyálé ń yege. Irin gún un níkùn, irin padà. Kò sí ibi tí irin wọ̀.

Ó wá ku èyí tí mo ń bẹ̀rù. Ó ní kí n jí i, kí n fún un níná dáadáa kí òun lè wo èéfín rẹ̀, tí òun bá ti ní kí n pa á, kọ́kọ́rọ́ ni kí n fi pa á, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Máṣíìnì tí kò bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn ni.

Mo ti múra sílẹ̀ fún un. Mo ti fi í dánra wò nílé: ọwọ́ ọ̀tún á yí kọ́kọ́rọ́ fún ojú ayé, ọwọ́ òsì á tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ìyálé á kú, ayé á sọ pé kọ́kọ́rọ́ ló pa á. Mo dé àṣíborí mi. Mo gbá kíìkì, ó gbá mi padà, ó jí. Mo rọra ki jíà bọ̀ ọ́, mo di kílọ́ọ̀ṣì mú. Mo yí ọwọ́, mo fún un níná.

Wáyà iná há.

Mo yí i padà, kò padà. Ìyálé ń ké, èéfín bo gbogbo wa, irin ń gbọ̀n lábẹ́ mi bí ẹran tí wọ́n dì mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ pa á, ẹ̀gbọ́n." Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ṣé kọ́kọ́rọ́ mọ nǹkan kan ni? Ó tún sọ ọ́. Mo ṣe ohun tí mo ti dánra wò, mo tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo gbàgbé pé máṣíìnì tí iná rẹ̀ há kì í kú bí wọ́n bá tu kílọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń fò ni.

Ó fò. Ó gbá tábìlì ọ̀gá dànù, ó kọ lu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní itan, ìyẹn ṣubú, ó ń ké. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí géètì fún máṣíìnì tuntun kan láti jáde. Ibẹ̀ ni ìyálé kọjú sí, èmi lórí rẹ̀, ọ̀gá lẹ́yìn mi tó ń sáré tó ń pariwo pé, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!"

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró dè mí. Èdè wa ló fẹ́ pa mí. Àwa là ń pa òwe, tí à ń pa àlọ́, tí à ń pa iná, tí à ń pa ilẹ̀kùn dé, tí à ń pa ẹnu mọ́, ẹ̀jẹ̀ kankan kì í sì í ta sílẹ̀. "Ẹ" náà là ń pe àgbà kan ṣoṣo, "ẹ" náà là ń pe ogunlọ́gọ̀. Ká ní mo jẹ́ kí ọ̀gá máa fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá ìyókù sọ ọ́, "Pa á" ni ì bá máa pariwo, ẹnì kan ṣoṣo ni ì bá sì máa bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi. Àwọn tó wà ní géètì ti gbọ́ pé olè jí máṣíìnì. Wọ́n wá rí ọkùnrin kan tó gun máṣíìnì jáde pẹ̀lú eré burúkú, tí wọ́n ń lé e lẹ́yìn, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á. Èmi náà tó bá jẹ́ èmi ni mo dúró níbẹ̀, n ó wá igi.

Igi àkọ́kọ́ bà mí láyà. Nígbà tí èkejì fi máa dé, mo ti wà lófuurufú. Mo fi ìhà ọ̀tún balẹ̀, mo sì gbọ́ ọ nígbà tó dún. Ẹsẹ̀ ló wá pọ̀ lórí mi. Ẹnì kan fi bàtà yí ọwọ́ mi mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa sìgá. Ẹnì kan já àṣíborí kúrò lórí mi, ó sì fi gbá mi lẹ́nu, ohun tí mo rà pé kó ṣọ́ orí ló wá kó eyín mi dànù. Mo ń sọ pé èmi kọ́, èmi ni mo ni ín, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo olè máa ń sọ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ò sì jẹ́ kí n lè sọ ọ́ ketekete. Láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mo rí oníyìnyín. Ó mọ̀ mí. A ti jọ wà lórí ìlà láti àárọ̀, ó tiẹ̀ ti fún mi ní orógbó kan jẹ. Ó wò mí lójú. Lẹ́yìn náà ló ta mí nípàá níkùn, ó sì tún ta mí.

Wọn ò wá táyà jìnnà. Odindi kan ni wọ́n kó sí mi lọ́rùn. Omi òjò ti pẹ́ nínú rẹ̀, ó dà sí mi láyà, ó tutù, mo sì rántí pé ó dùn mọ́ mi. Epo náà ò ná wọn ní wàhálà, tánkì ìyálé ti ń jò sílẹ̀ nítòsí mi. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń béèrè ìṣáná bí ẹni fẹ́ gbé ẹ̀wà kaná.

Ọ̀gá ló já wọ àárín wọn. Ó dà bò mí, ara rẹ̀ lórí ara mi, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń kán sí mi létí. Igi kan tó jẹ́ tèmi bọ́ sí i lẹ́yìn, ó kérora. Ó wá pariwo pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Máṣíìnì ni mo ní kí wọ́n pa!"

Nínú gbogbo rẹ̀ náà, ọmọ yìí ṣì ń fi ọ̀wọ̀ pè mí. "Wọ́n" tó pè yẹn, èmi ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúró yí wa ká gbà pé àwọn ni. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n wo máṣíìnì. Ìyálé ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀, iná rẹ̀ ṣì há, táyà ẹ̀yìn ń yí wìrìwìrì, ó ń ké. Ẹni tó ń béèrè ìṣáná ní, "Ó dáa náà." Wọ́n sì yí sí i.

Wọ́n lù ú bí wọn ò ṣe tíì lù mí. Àwọn tó ń lu ara mọ́tò gbé òòlù wọn dé. Wọ́n fọ́ iná iwájú, ó ń ké. Wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n dá tánkì lu, ó ń ké. Táyà ẹ̀yìn gbá ṣòkòtò ẹnì kan mú, ó jẹ ẹ́ dé itan, ìyẹn fò sókè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èyí tún bí wọn nínú sí i. Oníyìnyín ló gbé búlọ́ọ̀kù kan sókè orí nígbẹ̀yìn, ó sọ ọ́ mọ́ ọn láyà. Ìyálé wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Gbogbo wa ń mí. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ́dọ̀ mi, ó yọ táyà kúrò lọ́rùn mi, ó fi ọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára kọ́là mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó ní. "A ti bá yín pa á."

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Òòlù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀gá gbé mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fún mi ní omi inú ọ̀rá, ó tẹ́tí sí ìhà mi, ó bẹ̀ mí títí. Mo bi í pé irú èsì wo ni máṣíìnì mi gbà. Ó wo ohun tó kù nílẹ̀, ó fi ahọ́n kan ètè rẹ̀ tó wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́," ó ní. "Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ló pa á."

Wọ́n wọ́ ọ lọ sẹ́yìn, mo sì yíjú sí ògiri kí n má baà rí katapílà. Mo gbọ́ ọ ṣá.

Ìyàwó mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ìró di ìhà mi gírígírí, ó ń bú gbogbo ìdílé àwọn tó lù mí láì mọ̀ wọ́n. Ó wá béèrè ibi tí ìyálé òun wà. Nígbà tí mo sọ fún un, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sì sunkún tí kò sun fún èmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ lọ sí ọsibítù láti ya fọ́tò ìhà mi. Ojú mi kan ti dí, èkejì ń ríran díẹ̀díẹ̀. Ìyá méjì ló wà nínú rẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n sún, wọ́n sì gbé báàgì wọn sí àyà, mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ń wakọ̀ fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà wú bí búrẹ́dì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà kí i pẹ̀lẹ́, ó béèrè ohun tó ṣe é.

Ó ní olè ni. Ó ní olè máṣíìnì kan ni ọwọ́ tẹ̀ ní Muṣin lánàá, òun wà níbẹ̀, òun gan-an lòun kọ́kọ́ gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Wọ́n lù ú, kò kú. Wọ́n kó táyà sí i lọ́rùn, kò kú. Òògùn tó wà lára ọkùnrin náà, ó ní, òun ò rí irú ẹ̀ rí: nígbà tí ikú dé bá a, ó gbé ikú náà lé máṣíìnì. Ojú àwọn ni máṣíìnì ṣe ń pariwo bí èèyàn, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ara rẹ̀ jáde, ọkùnrin náà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń mu omi inú ọ̀rá.

Àwọn ìyá náà ní kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ogun ọ̀tá. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé ṣé mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́.

Ẹni tó ń wakọ̀ wá wò mí nínú dígí. Ojú tó lù lánàá, ẹ̀jẹ̀ ló bò ó. Ti òní wú, kò jọ ti ẹnì kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe yín báyìí?"

Mo ní máṣíìnì ló gbé mi ṣubú. Ó mi orí. Ó ní ṣé máṣíìnì àtijọ́ ni, mo ní àtijọ́ ni. Ó ní kí n lọ gbé e tà, irú wọn á kàn pa èèyàn lásán ni. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, mi ò lè dìde. Ó pa kẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ tó wú yẹn gbé mi lábíyá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀.